Ta Ló Ń San Owó Ilé Ìwé Wọn? Ìrántí Ìyá Hannah Ìdòwú Dídéolú Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́

Ìtàn ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọdé kan ló fà á. Òun ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ pé oṣù kejì ọdún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtàn àwọn ènìyàn dúdú ní Kánádà. Ìlú Toronto ti ń ṣe é láti ọdún 1979. Ní oṣù kejìlá ọdún 1995, Jean Augustine, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kánádà, tó ń ṣojú apá Etobicoke níbí, gbé àbá náà dé Ottawa, wọ́n sì fọwọ́ sí i fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá, mú iṣẹ́ àṣetiléwá wá bá mi. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí oníkálukú kọ nípa ẹni ńlá kan láti ìlú àwọn òbí rẹ̀. Mo ní kí ó kọ nípa Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Mo sọ fún un nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955. Mo sọ fún un nípa ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Mo sì sọ bí wọ́n ṣe dá a lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní ọdún 1963.

Ọmọ náà kọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, ó ní, "Bàbá, nígbà tí wọ́n wà lẹ́wọ̀n, ta ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ tiwọn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dákẹ́ díẹ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ ìdáhùn. Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń sọ ìtàn yìí ní gbogbo ìpàdé, n kò sì fi ìdáhùn náà sí i rí. Ìdáhùn náà ni obìnrin kan láti ìlú kékeré kan ní Rẹ́mọ. Òun ni mo fẹ́ kí a rántí lónìí.

Ọmọ Adélànà ní Ìkẹ́nnẹ́

Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe ìlú ńlá. Ó wà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní, kò jìnnà sí Ṣágámù, ìlú tí òwò obì mú lókìkí. Aláàkẹ́nnẹ́ ni ọba wọn. Àwọn tó kàwé ní Nàìjíríà mọ ìlú náà nítorí Mayflower School tí Tai Solarin dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1956. Àwọn yòókù mọ̀ ọ́n nítorí Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí níbẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1909.

Ní ìlú yìí kan náà, ní ọjọ́ 25, oṣù kọkànlá, ọdún 1915, ni wọ́n bí Hannah Ìdòwú Dídéolú sí ìdílé Adélànà. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn. Ìdòwú ni ọmọ tó bá tẹ̀lé ìbejì, tó wá jókòó lẹ́yìn Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yín tí wọ́n rò pé orúkọ Yorùbá kàn ń dùn létí lásán.

Àwọn òbí rẹ̀ rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1879. Ẹ rò ó wò. Ní ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ òbí ò rí ìdí tí wọ́n fi máa ná owó lórí ọmọbìnrin tó máa lọ sí ilé ọkọ. Kí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wá kúrò nílé lọ kàwé ní Èkó, kì í ṣe ohun kékeré.

Ní ọjọ́ 26, oṣù kejìlá, ọdún 1937, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ó fẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọkọ kò tíì di ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1920, tó fi ìyà ra ìwé kà, ni. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti ṣiṣẹ́ oníròyìn, ó sì ń ṣòwò kòkó àti ọkọ̀ akẹ́rù ní Ìbàdàn.

Gbèsè wọlé

Ìgbéyàwó náà kò tíì gbó tí òwò fi wó. Iye kòkó já lulẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, gbèsè sì wọlé. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá ọkọ, wọ́n tà á láti fi san gbèsè. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé mọ ohun tí gbàǹjo jẹ́. Kì í ṣe ẹrù nìkan ni wọ́n máa ń gbé síta, ojú onílé náà ni wọ́n ń gbé síta fún ará àdúgbò.

Ọ̀pọ̀ ìyàwó ọ̀ṣìngín ni àwọn ẹbí ì bá ti wá kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹni yìí dúró. Mo fẹ́ kí a kíyè sí èyí, nítorí pé nígbà tí a bá ń yin ìyá kan pé ó lawọ́, ìgbà tí owó wà la máa ń wò. Ṣùgbọ́n ibi tí ìlawọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí kò sí nǹkan kan nílé àfi ara ẹni. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi tọrẹ.

Ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní London

Apá ìtàn yìí ló kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Ní ọdún 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì kò tíì parí, Awólọ́wọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ òfin. Ó di lọ́yà ní ọdún 1946. Nígbà tó wà níbẹ̀ ni òun àti àwọn bíi Dókítà Oni Akérélé àti Akíntọ́lá Williams, tó padà di àgbà nínú iṣẹ́ ìṣírò owó, kó ara wọn jọ ní ọdún 1945, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀. Ọdún 1948 ni wọ́n tó wá ṣí ẹgbẹ́ náà nílé, ní Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀ náà ló ti kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ nípa ọ̀nà òmìnira Nàìjíríà, tó jáde ní ọdún 1947.

Nítorí náà, inú òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ti bí baba ńlá irú ẹgbẹ́ tí àwa náà ń ṣe ní Toronto yìí, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí owó wọn ò tó jẹun. Ìyẹn la máa ń sọ. Ohun tí a kì í sọ ni pé ẹni tó ń ṣe ìpàdé ní London ti fi àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀ sí ọwọ́ ìyá wọn nílé. Kò sí owó oṣù tó ń wọlé. Obìnrin náà kó ara rẹ̀ jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ.

Ẹ má rò pé ó rọrùn láti ta oúnjẹ nígbà náà. Ogun ti sọ nǹkan di ọ̀wọ́n. Ìjọba òyìnbó fi òfin dí iye tí wọ́n gbọdọ̀ ta gààrí àti oúnjẹ mìíràn ní Èkó láti ọdún 1941, wọ́n sì fi òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain Pullen ṣe alákòóso rẹ̀. Iye tí wọ́n dá fún oúnjẹ náà kéré sí iye tí àwọn obìnrin fi ń rà á lóko. Àwọn ìyálọ́jà Èkó, tí Alimọtu Pẹlẹ́wùrà jẹ́ olórí wọn, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n bá ìjọba fà á títí wọ́n fi gbé òfin náà kúrò ní ọdún 1945. Ní ọdún 1945 yẹn kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan, nítorí pé owó iṣẹ́ kò ra oúnjẹ mọ́. Irú àsìkò báyìí ni ìyá yìí fi òwò oúnjẹ bọ́ àwọn ọmọ.

Nígbà tí ọkọ dé, ó bá ilé lórí ìdúró. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí gbẹ̀yìn, wọ́n sọ ọ́ ní Ọlátòkunbọ̀. Gbogbo wa la mọ irú ọmọ tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ márùn-ún náà nìyí: Ṣẹ́gun, Ọmọ́tọ́lá, Olúwọlé, Ayọ̀délé àti Ọlátòkunbọ̀.

Ọ̀nà tí ìlawọ́ gbà ń rí owó

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìyá kan lawọ́ bí ẹni pé láti ọ̀run ni owó ti ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Irọ́ ni. Ẹni tí kò ní, kí ló fẹ́ fún ni? Ìlawọ́ ìyá yìí ní ìdí, òwò sì ni ìdí náà.

Láti oúnjẹ ló bọ́ sí òwò aṣọ. Wọ́n ka Ìyá yìí mọ́ àwọn tó kọ́kọ́ ń kó léèsì àti oríṣiríṣi aṣọ wọ Nàìjíríà láti òkè òkun. Ní ọdún 1957, ilé iṣẹ́ ọtí Nigerian Breweries gbà á gẹ́gẹ́ bí alágbàtà wọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ọdún 1957 tó dé, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn ará Lẹ́bánónì ló di òwò olówó ńlá mú. Èèyàn dúdú, pàápàá obìnrin, ẹ̀yìn wọn ló ń dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ alágbàtà fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí. Alágbàtà ńlá ló ń gba ọjà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kéréètì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Òun ló ń rí sí owó rẹ̀, òun ló ń wá ilé ìkẹ́rùsí àti ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké yóò wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èrè orí kéréètì kan kò tó nǹkan. Ohun tó ń mú un pọ̀ ni iye ọjà àti ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lónìí yóò gbàwìn, yóò tà, yóò sì mú owó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwò aṣọ rí. Bí àwọn òṣómàáló ṣe ń tà láwìn láti ìlú dé ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ìyá oníléèsì ń gbé aṣọ fún àwọn obìnrin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ òwò tiwọn. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé àwìn náà jẹ́ irú ìlawọ́ kan. Kì í ṣe ọrẹ, nítorí wọn yóò san án. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún ọ ní ọjà láìgba owó ti gbà gbọ́ pé o lè di èèyàn.

Ní gbogbo ìgbà yìí, ọkọ ti wọ òṣèlú. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní ọdún 1951. Awólọ́wọ̀ di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ilé rẹ̀ ní Òkè-Adó, Ìbàdàn, sì di ibi tí ẹsẹ̀ ò ti ń gbẹ́. Àwọn tó gbé ìgbà náà kì í sọ̀rọ̀ ilé yẹn kí wọ́n má dárúkọ oúnjẹ. Àwọn ọba, àwọn àgbẹ̀, àwọn tíṣà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti Òǹdó dé Ìbínibíní ń dé ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní òru. Ta ló ń mọ iye iṣu tí wọ́n máa gún? Ta ló ń mọ ẹni tí kò jẹ ata àti ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ tó máa fi padà? A ti kọ ohun tí àwọn ọkùnrin sọ ní pálọ̀ sínú ìwé. Kò sí ẹni tó kọ iye ìkòkò tó wà lórí iná lẹ́yìnkùlé.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ yìí ni bàbá rẹ̀ ṣe Ọlọ́pẹ. A ní àwọn tí ilé wọn jẹ́ ti Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀, tí wọ́n jìyà tiwọn nígbà wàhálà. N kò kọ èyí láti tún ìjà àtijọ́ dá sílẹ̀. Ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni ìyá tó ń dáná.

Ọdún 1963

Ọdún tó le jù nìyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn. Wọ́n ká Awólọ́wọ̀ mọ́ ibì kan, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Ẹjọ́ náà ń lọ lọ́wọ́ ní ọjọ́ 10, oṣù keje, ọdún 1963, nígbà tí Ṣẹ́gun, àkọ́bí, tí òun náà ti di lọ́yà, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀.

Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, adájọ́ dá bàbá rẹ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Láàárín oṣù méjì, àkọ́bí wọ ilẹ̀, ọkọ wọ ẹ̀wọ̀n. Ọmọ tó kéré jù ṣì wà nílé ìwé. Ìyàwó Ṣẹ́gun wà nínú oyún. Nígbà tó sì bí ọmọkùnrin ní ìparí oṣù kẹsàn-án náà, orúkọ bàbá tí kò rí i ni wọ́n sọ ọ́. Ta ni gbogbo ojú wá ń wò? Ìyá ni. Òwò aṣọ àti òwò ọtí tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ láti ọdún wọ̀nyí wá ló gbé ilé náà ró. Ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ ọ̀rẹ́ mi nìyẹn.

Kò sì jókòó sílé sunkún. Ó ń tọ ọkọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n. Kàlàbá ni wọ́n gbé e lọ nígbẹ̀yìn, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè. Afárá orí odò Ọya láti Asaba sí Onitsha, ìparí ọdún 1965 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹni tó bá gba orí ilẹ̀ lọ ṣáájú ìgbà náà gbọ́dọ̀ dúró de ọkọ̀ tí ń gbé mọ́tò sọdá odò, kó tó tún máa lọ, kó sì tún wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé Kàlàbá. Ó tún bọ́ sí ìta fún ọ̀rọ̀ òṣèlú. Nígbà ìdìbò ọdún 1964, tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti NCNC para pọ̀, òun náà ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń bá ogunlọ́gọ̀ sọ̀rọ̀ ní ipò ọkọ rẹ̀. Obìnrin tí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ sí ìyàwó olórí ìjọba di ohùn tí ẹgbẹ́ ń gbọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1966 ni Gowon dá Awólọ́wọ̀ sílẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kò purọ́ nípa gbèsè tó jẹ ẹ́. Léraléra ló máa ń sọ ọ́ ní gbangba, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, pé ohun ọ̀ṣọ́ tí a kò lè díye lé ni ìyàwó òun. Àwa tí a ń sọ ìtàn ọkùnrin náà la gbàgbé láti tún ìyẹn sọ.

Ìyá àgbà ní Ìkẹ́nnẹ́

Awólọ́wọ̀ kú ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 9, oṣù karùn-ún, ọdún 1987. Ó ku oṣù méje kí wọ́n ṣe àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó. Ìyá fi ọdún mẹ́jọ̀dínlọ́gbọ̀n ṣe opó, kò sì kó lọ sí Èkó tàbí London. Ìkẹ́nnẹ́, ìlú rẹ̀, ló fi ṣe ilé.

Nígbà yìí ni ìlú kékeré náà wá di ibi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá. Òun ló di alága ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìròyìn Tribune, èyí tí ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ọ̀ọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Okùnadé Síjúwadé, fi í jẹ Yèyé Oòduà. Nígbà tí àwọn àgbà òṣèlú Yorùbá pínyà, tí ẹni kan ò bá ẹnì kejì jẹun mọ́, ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti ń pàdé láti wá ìṣọ̀kan, òun sì ń jókòó láàárín wọn ní ẹni tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tó fẹ́ du ipò ààrẹ, láìka ẹgbẹ́ wọn sí, ń wá kí i. Ẹlòmíràn nínú wọn ì bá má kí ọkọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ó gbà wọ́n lálejò. Ìyẹn náà jẹ́ ìlawọ́, ó sì ṣòro ju kí a fún ni lówó lọ.

Ẹ má rò pé ayé sinmi fún un. Nínú ọmọ márùn-ún tó bí, mẹ́ta ló ṣáájú rẹ̀ lọ: Ṣẹ́gun, Ayọ̀délé àti Olúwọlé, tó kú ní ọdún 2013. Àwọn àgbà wa máa ń gbàdúrà pé kí ọmọ sin wá, kí a má sin ọmọ. Ìyá yìí fara da ohun tí àdúrà náà ń sá fún ní ẹ̀ẹ̀mẹta, síbẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì.

Ní ọdún 2015, wọ́n ti ń múra ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó mí èémí ìkẹyìn, ní ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án. Ó ku ọjọ́ 67. Wọ́n sì dúró de ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 25, oṣù kọkànlá, ọdún 2015, ọjọ́ tí ì bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún gan-an, ni wọ́n sin ín sí Ìkẹ́nnẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi gé àkàrà òyìnbó ni wọ́n fi sìnkú, àwọn èèyàn sì tún jẹun nílé rẹ̀.

Láti ọdún 1999 ni àwòrán ọkọ rẹ̀ ti wà lórí owó ọgọ́rùn-ún náírà. Ẹ mú u wò nígbà mìíràn tí ẹ bá lọ sílé. Ẹni tó kó owó kéékèèké jọ kí ilé má baà wó, àwòrán tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ohun tó kàn wá níbí

Kí ló mú kí n gbé èyí wá sí Toronto? Ìdí ni pé gbogbo wa tí a wà ní Scarborough, ní Brampton, ní Mississauga, ní North York, ẹnì kan ló ta nǹkan kí a tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ti ẹlòmíràn, ìyá rẹ̀ ta ilẹ̀. Ti ẹlòmíràn, ìyá ìyá rẹ̀ ló kó èsúsú. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan kúrò nílé ìwé kí àbúrò rẹ̀ lè kàwé. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kò fẹ́ olórí ìjọba, ìwé ìròyìn kankan ò sì dárúkọ wọn. Ìlú wọn lè má tó Ìkẹ́nnẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe.

Ti Ìyá Awólọ́wọ̀, a rí i kà nítorí pé orúkọ ọkọ rẹ̀ tóbi. Ti ìyá tiyín, bí ẹ̀yin ò bá sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́? Àwọn ọmọ wa níbí mọ ojú ìyá àgbà lórí fóònù. Wọ́n mọ̀ pé ó máa ń gbàdúrà gùn. Wọn ò mọ̀ pé ó ta elùbọ́ ọdún mẹ́rìndínlógún kí bàbá wọn tó di ẹnjiníà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọdọọdún la ń kó ara wa jọ ní gbọ̀ngàn láti fi aṣọ ẹgbẹ́ ṣe ìnáwó òkú, a ń fi àwòrán ńlá hàn, a kì í sì lè sọ ju pé "ìyá dáadáa ni wọ́n."

Nítorí náà mo bẹ̀ yín. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ pe ìyá yín, tàbí àbúrò ìyá yín bí ìyá kò bá sí mọ́. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, kí àwọn ọmọ náà sì jókòó tì yín. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà àti iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ta ló fún wọn láwìn àkọ́kọ́. Ẹ bi wọ́n ọmọ ta ni wọ́n tọ́ tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ bi wọ́n ọdún wo ló le jù, àti ohun tí wọ́n jẹ lọ́dún náà. Ẹ máa fẹ̀sọ̀ béèrè, nítorí ẹlòmíràn yóò sunkún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ojú ìwé kan péré, ní Yorùbá tàbí èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí olóòtú. A ó máa tẹ ẹyọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn yìí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ní ti ọmọ ọ̀rẹ́ mi, mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí fún un. Ó fi ìlà kan kún iṣẹ́ rẹ̀, pé ìyàwó Awólọ́wọ̀ ló ń san owó ilé ìwé náà, aṣọ ló sì ń tà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyá rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tí kò tíì bọ́ bàtà yìnyín, ó ní, "Mọ́mì, ta ló san tiyín?" Ìyá rẹ̀ jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Ìyá wa Hannah Ìdòwú Dídéolú sí afẹ́fẹ́ rere. Kí àwọn ìyá wa tó wà láàyè jẹun ọmọ pẹ́. Kí ilé wa má ṣe ṣófo. Àmín.